Ìyá Pèmípadà Lọ Ná Owó

Kò sí ohun kan nínú ilé obìnrin alágbàfọ̀ yìí tí kò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí kó tó rà á. Àga tó ń jókòó lé, ó kẹ̀yìn sí i. Áyọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ, ó kẹ̀yìn sí i. Tábìlì gígùn tó ń ká aṣọ lé, ẹ̀ẹ̀mejì ló kẹ̀yìn sí i, torí alágídí lẹni tó ń tà á.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí. Á ná ọjà títí ọlọ́jà á fi ní òun ò gbà. Á ní ó dáa. Á gbé báàgì há abíyá, á yíjú, á máa lọ. Kì í sáré. Kì í wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò tíì pinnu, àmọ́ ọrùn rẹ̀ á le bí ọrùn ẹni tó ti pinnu láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò ní tíì dé ìkòríta tí ọlọ́jà á fi ké sí i lẹ́yìn pé, “Màámá, ẹ padà wá gbé e.”

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa pè é ní Ìyá Pèmípadà nìyẹn. Kò bínú sí orúkọ náà. Ó ní ẹsẹ̀ òun lòun fi rìn gbà á.

Aránbàtà ni ọkọ rẹ̀. Iwájú ilé ló ń jókòó sí, tòun ti òòlù àti ìṣó. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ìṣó á wà lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ pàápàá, ìṣó á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń retí kí ẹni tí ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá bi í léèrè bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe pàdé, á tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́.

“Ó ná mi, ó kẹ̀yìn sí mi, mo pè é padà.”

Á kó ìṣó rẹ̀ padà sẹ́nu.

Kí ẹ má rò pé obìnrin yìí kàn ń ná ọjà ní ìnákúnàá o. Ó lófin. Bí ọlọ́jà bá ti gba iye tó sọ, ó ti rà á nìyẹn, ì báà wá kan án lára. Ẹni tó bá ná ọjà tán, tí wọ́n ní kó mówó wá, tó wá ní òun ò rà mọ́, lójú Ìyá Pèmípadà, olè sàn jù ú lọ. Olè kì í fi àkókò ọlọ́jà ṣòfò.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá kú. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Bó bá ń yí, á máa gbọ̀n, á máa kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé bó bá fi máa ṣiṣẹ́ tán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń bá a, bí òṣìṣẹ́ tó ti fẹ́ máa lọ sílé. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gbọ̀n, ó han, ó fò sókè, ó dákẹ́. Wọ́n pe alátùn-únṣe. Ó tú ìdí ẹ̀rọ náà, ó tan iná sínú rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí fìlà. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀díṣíìtì ilé ìtura tó wà lópin àdúgbò ni ẹ̀rọ yìí ń fọ̀. Ilé ìtura yẹn ló ń bọ́ ilé. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó ilé, òun ni wọ́n fi ń sanwó fún ọmọbìnrin méjì tó ń bá a lọ aṣọ. Nígbà tí ẹ̀rọ kú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká ṣòkòtò, wọ́n ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀díṣíìtì kì í ṣe ẹ̀wù ọmọdé. Bó bá mumi yó, ọ̀kan á di orí rẹ̀ mú, ọ̀kan á di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á máa lọ́ ọ bí ẹni ń pa ejò. Síbẹ̀ kì í gbẹ tán kí wọ́n tó wá kó o. Àlejò kan sùn lé e mọ́jú, ó jí, ó ń sín.

Máníjà ilé ìtura wá fúnra rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo. Ó ní òun ò bínú, ó ní òun mọ̀ pé Màámá ń gbìyànjú. Àmọ́ bí oṣù yìí bá parí tí aṣọ òun ṣì ń tutù, òun á kó o fún àwọn alágbàfọ̀ tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Àwọn yẹn ní ẹ̀rọ mẹ́ta, wọ́n tún ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa rẹ́rìn-ín sí oníbàárà lọ.

Ìyá Pèmípadà gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ, lọ. Ẹ̀rọ tuntun kan wà níbẹ̀, funfun báláú. Ó ná an. Ó kẹ̀yìn sí i. Wọ́n pè é padà. Wọ́n fẹnu kò, ó ní òun ń lọ mówó wá. Kò tíì sí ìṣòro níbì kankan, àfi owó náà. Ẹlẹ́rọ kì í tàwìn. Ó ní àwìn ló pa bàbá òun.

Ọkọ rẹ̀ ló tu ìṣó sọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn ilé ayánilówó wà ní títì ńlá.

Ìyá Pèmípadà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Owó táwọn yẹn ń yáni, ọjà ni. Èlé tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, iye ọjà náà nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ọjà ni, ó ṣeé ná. Ta ló ń rajà ní ìsọ̀ àkọ́kọ́? Òun á yí gbogbo wọn ká. Òun á ná tibí, òun á ná tọ̀hún. Òun á kẹ̀yìn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá pe òun padà ní iye tó rọ̀ jù ni òun á bá lọ.

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó kó ìṣó sẹ́nu.

Ilé ayánilówó àkọ́kọ́ ní ilẹ̀kùn dígí àti àwọn àga tí wọ́n so mọ́ra wọn bí ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú ló dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó fa àga fún un, ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi owó ṣe. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Ó ní ohun tí àwọn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni àyẹ̀wò fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn á kàn yọjú wo àkọsílẹ̀ Màámá, bó ṣe ń san gbèsè tó bá jẹ, bí owó ṣe ń wọlé fún un ní báńkì, kí àwọn lè sọ fún un bóyá àwọn á lè yá a àti bí èlé rẹ̀ ṣe máa tó. Kò sí ayánilówó mìíràn tó máa mọ̀ pé àwọn yọjú. Kò ní ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Bí iye náà bá wá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbà yẹn ni àwọn á ṣe àyẹ̀wò gidi. Ìyẹn a máa lẹ̀ mọ́ orúkọ èèyàn, gbogbo ayánilówó tó bá ṣí i ló máa rí i.

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mà,” ni Onígíláàsì wí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá Pèmípadà mú níbẹ̀, ìyẹn ni fẹ́ẹ́rẹ́. Láti ìgbà tó ti ń rajà, ó mọ ẹni tí ọlọ́jà máa ń wò fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni.

“Ọmọ mi, ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n ń wò fẹ́ẹ́rẹ́?”

“Rárá o, Màámi. Kì í ṣe...”

“Bí wọ́n bá gbé aṣọ wá fún mi, mo máa ń wo ọrùn ẹ̀, mo máa ń wo abẹ́ apá ẹ̀. Mi kì í wò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò jí nǹkan pa mọ́. Wò mí délẹ̀.”

Onígíláàsì bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ṣe ti fẹ́ẹ́rẹ́ ná. Kò gbà. Ó ní ti gidi ni kó ṣe. Ó tọwọ́ bọ̀wé, ọmọbìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n dúró. Kò pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ Màámá mọ́, kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, àwọn á yá a ní iye tó fẹ́. Ó sọ èlé rẹ̀.

Èlé náà ò burú. Inú Ìyá Pèmípadà pàápàá mọ̀ pé kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọlọ́jà? Ó fajú ro, ó ní ó ti wọ́n jù. Ó sọ ìdajì.

Ọmọbìnrin náà ní wọn kì í ná an, mà. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́.

“Pe kọ̀ǹpútà ọ̀hún kó bá mi sọ̀rọ̀.”

Onígíláàsì fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Pèmípadà bi í pé, bí òun bá tiẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ni èènì òun. Ọmọbìnrin náà ní owó kì í ní èènì. Ìyá Pèmípadà ní ó dáa. Ó gbé báàgì há abíyá, ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ilẹ̀kùn dígí yẹn ló kọ́kọ́ dójú tì í. Ó ṣí fúnra rẹ̀, ó sì pa dé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò sí ẹni tó kọjá. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ó dúró ní ìta, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Bàtà náà ò lókùn. Ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń wò ó.

“Ṣé wọ́n ń pè mí?”

Ọlọ́dẹ wo inú ilé láti ẹ̀yìn dígí, ó tún wojú rẹ̀. “Rárá, mà. Ẹ rọra máa lọ.”

Kò já a láyà. Ọlọ́jà mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì ló tó máa ń kábàámọ̀. Ó gba ìsọ̀ kejì lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì kan ló wà níbẹ̀. Òun náà fẹ́ sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò fẹ́ẹ́rẹ́, Ìyá Pèmípadà ò jẹ́ kó sọ ọ́ parí. Ó ní gidi ni. Onítáì wo kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ họ ẹ̀yìn etí, ó sọ èlé. Ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá Pèmípadà ná an títí, ó kẹ̀yìn sí i, kò sí ẹni tó pè é.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ìsọ̀ kẹta. Èlé ibẹ̀ tún wọ́n ju ti kejì lọ, owó tí wọ́n sì máa yá a kéré sí i. Kò rí irú rẹ̀ rí: ọjà tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń rìn síwájú ló ń wọ́n sí i. Ó kẹ̀yìn síbẹ̀ náà. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tán, ó ti fẹ́ẹ̀ dé títì, ló bá gbọ́ ọ ketekete lẹ́yìn rẹ̀:

“Màámá, ẹ padà wá!”

Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó fẹsẹ̀ falẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n má baà rò pé ojú ń kán òun. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Ó ti ń ro iye tó máa sọ.

“Ẹ gbàgbé agbòòrùn yín sórí àga, mà.”

Ìsọ̀ kẹrin ló wá burú jù. Àgbàlagbà kan tó ti hewú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ṣe àyẹ̀wò gidi bí Ìyá Pèmípadà ṣe ní kó ṣe, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin náà bí ẹni ń wo opó tuntun. Ó ní ṣé kò sí nǹkan o. Ó ní ṣé àlàáfíà ni ilé wà. Ìyá Pèmípadà ní àlàáfíà ni, kí ló rí. Bàbá náà ní òun rí i pé ilé ayánilówó mẹ́ta ti ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárín àná sí òní. Ẹni tó bá ń sáré kiri báyìí, àfàìmọ̀ kí ilé rẹ̀ má ti máa jó. Ó ní kó má bínú, àwọn ò ní lè yá a.

“Ta ló sọ fún yín pé mo dé ibòmíràn?”

“Àkọsílẹ̀ yín ni, ìyá.”

Kò gbà á gbọ́. Àkọsílẹ̀ ò lẹ́nu. Ẹnì kan ló sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ ibi tí òun ń lọ.

Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó ń kan gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan. Ó dúró lé e lórí. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọkọ òun ló ń ba ọjà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní gbogbo ọdún tó fi ń kó ìṣó sẹ́nu, òun rò pé kò lè sọ̀rọ̀ ni, òun ò mọ̀ pé ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ de òun ni. Ó ní ayánilówó mélòó ló wá rán bàtà lọ́dọ̀ rẹ̀ lánàá. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ aṣọ dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń gbọ́.

Ọkùnrin náà tu ìṣó sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣà wọ́n wò bóyá wọ́n pé.

“Ìyá wọn, ta ni mo mọ̀?”

Ó tọ́. Kò mọ ẹnikẹ́ni. Bàtà àwọn èèyàn ló mọ̀, kì í wo òkè.

Ìbínú lọ sílẹ̀, ẹ̀rù wá gba àyè rẹ̀. Oṣù ti ń lọ sópin. Máníjà ilé ìtura kọjá níwájú ilé, ó kí i dáadáa, àmọ́ ó fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀díṣíìtì tó wà lórí okùn bó ṣe ń kọjá, ó sì fọwọ́ nu ṣòkòtò. Ìyá Pèmípadà rí i. Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti ẹ̀rọ tó kú, kò jẹun.

Ọkọ rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́.”

“Wọn ò pè mí.”

“Ẹsẹ̀ tó gbé ẹ jáde níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti kán ni?”

Láti ìgbà tí Ìyá Pèmípadà ti dáyé, kò padà sí ìsọ̀ tí wọn ò pè é sí rí. Àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí ó má mì. Nígbà tó di àárọ̀, ó wọ bàtà.

Ọlọ́dẹ rí i, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà ń ṣí fúnra rẹ̀. Onígíláàsì fa àga fún un. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Pèmípadà rojọ́ tán: bó ṣe yí wọn ká, bí èlé ṣe ń gòkè, bí bàbá arúgbó ṣe bi í bóyá ilé rẹ̀ ń jó. Ó ní kí ló dé tí gbogbo wọn fi mọ ibi tí òun dé.

Ọmọbìnrin náà yọ gíláàsì, ó nù ún.

“Màámi, aṣọ ni ìyá tó bí mi ń tà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo dàgbà sí. Bí ẹnì kan bá wọlé, tó fọwọ́ kan aṣọ, tó béèrè iye ẹ̀, tó jáde, ta ló máa rántí ẹ̀?”

“Kò sí.”

“Bó bá wá ná an, tí ìyá mi gbà fún un, tí wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ, tó wá ní òun ń lọ ńkọ́?”

“Há! Gbogbo ìsọ̀ ló máa gbọ́. Bó bá dé ìsọ̀ kejì, wọ́n á ti máa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Aláìníláárí ni.”

“Kí ẹ béèrè iye, àyẹ̀wò fẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Kí a gé aṣọ, ti gidi nìyẹn. Ìsọ̀ mẹ́rin ló ti gé aṣọ fún yín, mà. Ẹ ò gbé ọ̀kan.”

Ìyá Pèmípadà wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi tọwọ́ bọ̀wé. Òun tó ní olè sàn ju irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ọ̀hún ló ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ tó ń jẹ́ kí wọ́n máa gé aṣọ nílẹ̀, tó sì ń rìn jáde pẹ̀lú ọrùn líle. Ìtìjú mú un. Lẹ́yìn náà, ó rántí agbòòrùn, ẹ̀rín bá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ọlọ́dẹ fi yọjú láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó nu ojú tán, ó béèrè ohun tó ká a lára.

“Àbàwọ́n tó wà lórúkọ mi yìí, ṣé ti epo ni àbí ti ẹrẹ̀?”

“Ti ẹrẹ̀ ni, mà. Bó bá gbẹ, á gbọ̀n dànù. Àmọ́ ẹ má tún ta òmíràn sí i o.”

Ìyá Pèmípadà ní oṣù ò ní dúró de kí ẹrẹ̀ gbẹ. Onígíláàsì ní kó jẹ́ kí òun yọjú wò ó báyìí, fẹ́ẹ́rẹ́. Obìnrin náà fà sẹ́yìn, ó ní ṣé èyí ò ní tún kún un. Ọmọbìnrin náà ní rárá, kódà Màámá fúnra rẹ̀ lè wo ti ara rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí, dígí kì í fọ́.

Ó yọjú. Ó ní ti ọjọ́sí ti lọ, Màámá ló kẹ̀yìn sí i. Pẹ̀lú àyẹ̀wò mẹ́rin tó wà nílẹ̀ yìí, ó jọ pé àwọn á ṣì lè yá a, àmọ́ owó náà ò ní tó ti tẹ́lẹ̀, èlé rẹ̀ á sì fi díẹ̀ lé. Kì í ṣe ìlérí o, àyẹ̀wò gidi ló máa sọ òótọ́ ibẹ̀. Ìyá Pèmípadà la ẹnu láti ná an. Ó pa á dé.

“Ẹ lọ wo ọjà tí ẹ fẹ́ rà ná,” ni Onígíláàsì wí. “Bí owó yìí bá tó o, ẹ padà wá ká gé e.”

“Má wulẹ̀ pè mí. Màá padà wá fúnra mi.”

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí Ìyá Pèmípadà kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ó ní ẹ̀rọ funfun tí àwọn ti fẹnu kò lé, owó rẹ̀ ò jọ, kí ọ̀gá jọ̀ọ́ tú òun sílẹ̀. Ẹlẹ́rọ ní òun tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Pèmípadà nawọ́ sí àlòkù kan tó wà ní kọ̀rọ̀, tí eruku ti bò, tí ọkọ rẹ̀ ti jókòó lé lórí tipẹ́. Ó ní èló ni.

Ẹlẹ́rọ sọ iye. Ó ju owó tí Onígíláàsì sọ lọ. Wọ́n ná an, wọ́n ná an. Ẹlẹ́rọ wá sílẹ̀, wá sílẹ̀, ó dúró. Ó ní ibẹ̀ ló dé tán. Ìwọ̀nba tó kù kéré, àmọ́ Ìyá Pèmípadà ò ní i, kò sì sí ibi tó tún ti máa yá a.

Kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń ṣe nírú ibẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó gbé báàgì há abíyá, ó yíjú, ó ń lọ.

Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kọjá níbi ẹ̀rọ omi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Títì yẹn ò kúrú tó báyìí rí. Ìkòríta ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀díṣíìtì lójú ọkàn rẹ̀, ó ń wọlé sínú ilé àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé epo, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó dé ìkòríta. Etí rẹ̀ ti fẹ̀ tó etí ehoro. Kò sí ẹni tó pè é.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn.

Ìyá Pèmípadà yí padà.

Onígbàjámọ̀ tó rí i dá ẹ̀rọ ìgẹrun dúró lórí ẹni tó ń gẹrun fún. Ẹni náà yíjú padà láti wo ohun tó dé, orí rẹ̀ fá lápá kan. Obìnrin náà kọjá níwájú wọn, ó ń bọ̀, tojú tojú, títí ó fi dúró níwájú ẹlẹ́rọ.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ pè mí?”

Ẹlẹ́rọ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè, ó ń ka igi àjà, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀.

“Màámá, mi ò pè yín.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ó lè jẹ́ máṣíìnì ló pè yín.”

“Bó bá jẹ́ òun ni, mo ti dé. Ṣé kí n má jẹ́ ẹ ni?”

Ẹlẹ́rọ gbìyànjú láti fajú ro, kò lè ṣe é. Ó fọwọ́ gbá itan, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ta ọjà fún obìnrin yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ lòun mọ̀. Ó ní ojú tí òun rí lónìí tó ẹ̀dínwó. Kí ó lọ mówó wá.

Ìyá Pèmípadà ní rọ́bà omi gígùn tí wọ́n ká sára ògiri yẹn ńkọ́, ó ní èènì òun nìyẹn. Ẹlẹ́rọ ní kó máa lọ jọ̀ọ́.

Onígíláàsì ṣe àyẹ̀wò gidi lọ́jọ́ kejì, aṣọ tí wọ́n gé lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Pèmípadà gbé e. Ọlọ́mọlanke kan ló bá wọn ti ẹ̀rọ náà délé, wọ́n ká rọ́bà omi lé e lórí. Nígbà tí máníjà ilé ìtura tún fi máa kọjá, ó fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀díṣíìtì orí okùn. Kò fọwọ́ nu ṣòkòtò. Ó bi í pé ọjọ́ wo ni kí àwọn wá kó ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ àlòkù náà ń yí ní kọ̀rọ̀ ilé, ó ń kùn bí àgbà tó jẹun yó, kò kúrò ní àyè rẹ̀. Tọkọtaya jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà tu ìṣó sọ́wọ́.

“O wẹ̀yìn.”

“Èmi? Mi ò wẹ̀yìn. Wọ́n pè mí.”

Ọkọ rẹ̀ kó ìṣó rẹ̀ padà sẹ́nu.